Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí Ìjọ Ṣe Lè Ṣọ́ra fún Olùkọ́ Èké àti Ìpínyà

Àwọn ìbéèrè yìí ni àwọn alàgbà, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi àti àwọn ọmọ ìjọ máa ń bi ara wọn nílùú Ìbàdàn, pàápàá nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Ó sàn ká tètè bi wọ́n. A kọ ìdáhùn wọn fún ìjọ kékeré tí kò ní bíṣọ́ọ̀bù tó lè sá tọ̀, àti fún ìjọ ńlá tó ní. Ẹ ṣí Bíbélì yín sílẹ̀ bí ẹ ti ń kà á. Ibi tí a bá ti tọ́ka sí, ẹ lọ wò ó fúnra yín.

Ta gan-an là ń pè ní olùkọ́ èké? Ṣé ẹnikẹ́ni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ lórí pẹpẹ ni?

Rárá o. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló máa kù lórí pẹpẹ? Nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí 18, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àpólò. Ọ̀rọ̀ dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀, ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ìrìbọmi Jòhánù nìkan ló mọ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Pírísílà àti Ákúílà gbọ́ ọ. Wọn ò dìde láàárín sínágọ́gù kí wọ́n ní irọ́ ló ń pa. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀, wọ́n sì là á yé e yékéyéké. Ó gbọ́, ó gbà, ó sì wúlò púpọ̀ fún àwọn ará lẹ́yìn náà.

Olùkọ́ èké ni ẹni tí wọ́n là á yé tí kò gbà, tí wọ́n tún là á, tó wá lọ kó ọmọlẹ́yìn tirẹ̀ jọ. Ohun tó ń kọ́ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó kan ìpìlẹ̀: ẹni tí Jésù jẹ́, ikú rẹ̀ àti àjíǹde rẹ̀, ìgbàlà nípa oore-ọ̀fẹ́, ìwà mímọ́. Pétérù kejì orí 2 so ojúkòkòrò àti ìwà wọ̀bìà mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ má yára lẹ orúkọ yìí mọ́ ọmọlákejì yín. Àwọn ìjọ kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó bá kàn béèrè bí wọ́n ṣe ná owó òrùlé, wọ́n á ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ló ń bá a jà. Ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kọ́ ni ìkookò.

Ibo ni ẹ̀kọ́ èké sábà máa ń gbà wọlé?

Kì í sábà gba ẹnu ọ̀nà iwájú. Nínú Ìṣe orí 20, Pọ́ọ̀lù ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà Éfésù wá sí Mílétù. Ó ní ìkookò máa wọ àárín agbo. Ó tún ní láàárín àwọn alàgbà tó wà níwájú òun yẹn gan-an, àwọn kan máa dìde tí wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ òdì kí wọ́n lè fa ọmọ ẹ̀yìn sọ́dọ̀ ara wọn. Gbólóhùn kejì yìí la máa ń fò tí a bá ń wàásù lórí ibẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ọ́.

Bó ṣe sábà máa ń lọ nìyí. Ẹni náà kì í fi ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, inú rere ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ìjọ bá dùbúlẹ̀ àìsàn ní UCH tàbí ní Adéọ̀yọ́, òun ló máa kọ́kọ́ débẹ̀. Òun ló máa bá obìnrin tó ń wojú Olúwa fún ọmọ gbààwẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú ìyẹn, ọ̀pọ̀ Kristẹni rere ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá yá, ìpàdé àdúrà kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹnì kan ní Apáta tàbí Mọ́níyà, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, láìjẹ́ pé alàgbà kankan gbọ́ sí i. Wọ́n á dá ẹgbẹ́ WhatsApp tiwọn sílẹ̀. Ẹnu á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí: “Ibi tí Ọlọ́run ń mú wa lọ yìí, pásítọ̀ ò tíì débẹ̀.” “Ẹ má tíì sọ fún wọn, kò lè yé wọn.”

Níbi tí ẹ bá ti gbọ́ “ẹ má tíì sọ fún wọn”, ẹ fura. Nígbà tí àlùfáà àgbà bi Jésù léèrè ẹ̀kọ́ rẹ̀, èsì tó fọ̀ ni pé gbangba lòun ti ń sọ̀rọ̀, òun ò sọ ohunkóhun ní ìkọ̀kọ̀ (Jòhánù 18:20). Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ni ọrẹ tiwọn máa dé, lẹ́yìn ọrẹ ni òróró tiwọn, lẹ́yìn òróró ni ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi tiwọn. Ìgbà tí ìjọ á fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìdajì ẹgbẹ́ akọrin ti lọ.

Ṣé ká fòfin de ìpàdé inú ilé nìyẹn?

Ẹ má dán an wò. Inú ilé ni iṣẹ́ ìhìnrere ti bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí. Nígbà tí míṣọ́nnárì David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀ Anna wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn lọ́dún 1853, ọ̀dọ̀ ara wọn ní Kúdẹtì ni Anna ti ń tọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní ìwé àti ìgbàgbọ́. Ẹ kàn jẹ́ kí ìpàdé ilé ní ojú tó ń wò ó. Kí àwọn alàgbà mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà àti ẹni tó ń darí rẹ̀. Kí gbogbo wọn máa lo ẹ̀kọ́ kan náà. Kí wọ́n máa pààrọ̀ olùdarí, kí ilé má di ti ẹnì kan. Kí alàgbà èyíkéyìí sì lè wọlé jókòó láìsọ tẹ́lẹ̀, kí ara má sì ta ẹnikẹ́ni. Ìpàdé tó bá dákẹ́ tí alàgbà bá wọlé, ó ti sọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ìran wòlíì náà máa ń ṣẹ. Ṣé ó ṣì lè jẹ́ èké?

Ó lè jẹ́ o. Ọ̀pọ̀ wa mọ Diutarónómì 18, tó ní ohun tí wòlíì sọ ní orúkọ Olúwa tí kò bá ṣẹ, Olúwa kọ́ ló rán an. Àwọn tó mọ orí 13 ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ sọ pé bí alálàá bá fún yín ní àmì, tí àmì náà sì ṣẹ, àmọ́ tó ní kí ẹ tẹ̀ lé ọlọ́run mìíràn, ẹ ò gbọdọ̀ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé àmì náà ni ká yẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ ìran yìí ló ń tú ilé jù ní Ìbàdàn. Nínú agbo ilé kan náà ni Kristẹni àti Mùsùlùmí ti ń gbé, ìyá àgbà kan ló sì tọ́ gbogbo wọn dàgbà. Wòlíì kan á wá ṣí ojú sókè lórí òkè àdúrà, á ní ìyá àgbà yẹn gan-an ló so ọlá ọmọ mọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ò ní lè jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe máa wádìí irú ìran bẹ́ẹ̀, kò sí bí ìyá náà ṣe máa fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́, wòlíì ò sì ní jíyìn fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ìjọ tó bá gba èyí láyè ti gba ẹ̀kọ́ èké, bó ti wù kí ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ gún régé tó.

Ẹ ṣe òfin lórí rẹ̀, kí ẹ sì kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ: ẹni tó bá ríran, kó kọ́kọ́ sọ fún alàgbà méjì, ìran ò gbọdọ̀ pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́ tàbí ọ̀tá, a kì í tìtorí ìran tú ìgbéyàwó. Ní ti ẹni tó bá sọ fún aláìsàn pé kó jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, ẹ gba pẹpẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn ò nílò ìpàdé ìgbìmọ̀.

Báwo ni owó ṣe kàn án?

Ó kàn án gidi gan-an. Pétérù ní wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn sọ yín di ọjà títà. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ò le. Kí èèyàn méjì tí kì í ṣe ẹbí máa ka owó igbá ọrẹ pọ̀. Kí owó ìjọ wà ní báńkì lórúkọ ìjọ, kí ẹni tó ń fọwọ́ síwèé láti gbà á má ṣe jẹ́ pásítọ̀ àti ìyàwó rẹ̀ nìkan. Kí wọ́n máa ka ìṣirò rẹ̀ fún ìjọ. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń kó ọrẹ lọ fún àwọn ará ní Jerúsálẹ́mù, ó ní kí àwọn mìíràn tí àwọn ìjọ yàn bá a gbé e, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí nǹkan sọ (Kọ́ríńtì kejì 8:19-21). Bí Pọ́ọ̀lù ò bá dá owó gbé, ta ló lè dá a gbé nínú wa?

Bí ẹ bá rí nọ́ńbà àkáǹtì ara ẹni nísàlẹ̀ ìwàásù, tàbí òróró tó ní iye tí wọ́n ń tà á, tí iye náà sì ń ga sí i bí ìṣòro bá ṣe wúwo tó, ẹ ò nílò kéèyàn túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Bó bá jẹ́ pé pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ni lódì ńkọ́? Ṣé Bíbélì ò ní ká má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró?

Inú Sáàmù 105 ni ọ̀rọ̀ yẹn wà, ẹ kà á láti ẹsẹ 12. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń bá wí níbẹ̀, pé kí wọ́n má ṣe ìpalára fún Ábúráhámù àti àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì kéré níye, tí wọ́n ń rìn kiri láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì. Ẹ wá ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 20. Ábímélẹ́kì tí Ọlọ́run kìlọ̀ fún lóru náà pé wòlíì ni Ábúráhámù, nígbà tílẹ̀ mọ́, ó pe Ábúráhámù, ó sì bi í pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tí kò yẹ sí òun. Ábúráhámù sì dáhùn. Kò sọ pé kí ọba má fọwọ́ kan òun. Dáfídì tó kọ̀ láti pa Sọ́ọ̀lù pàápàá dúró lókèèrè, ó sì sọ ẹjọ́ Sọ́ọ̀lù sí i létí níwájú ọmọ ogun.

Tímótíù kìíní 5:19-20 ló wà fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹsẹ 19 ń dáàbò bo alàgbà: a ò gbọdọ̀ gba ẹ̀sùn sí i láìsí ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹsẹ 20 ń dáàbò bo ìjọ: èyí tó bá ń dẹ́ṣẹ̀, ká bá a wí níwájú gbogbo èèyàn. Àwọn tó fẹ́ràn pásítọ̀ máa ń dúró sí 19, àwọn tí inú ń bí á sì bẹ́ sí 20. Pọ̀ ni ká kà wọ́n. Pọ́ọ̀lù ta ko Pétérù lójúkojú ní Áńtíókù (Gálátíà 2:11), Pétérù ò sì tìtorí ẹ̀ dá ìjọ mìíràn sílẹ̀.

Báwo la ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ náà, láìdi arífín?

Mátíù 18 fi ọ̀nà hàn: ìwọ àti òun nìkan, lẹ́yìn náà ẹnì kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ìjọ. Ibi tó ti ń lọ́jú pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ọmọ ọdún 25 ò lè dúró níwájú ẹni tó tó bàbá rẹ̀ kó ní “ohun tí ẹ sọ ò bá Bíbélì mu”. Kò sì yẹ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ sọ lọ́jọ́ Ìsinmi tí kò yé mi dáadáa. Ẹ bá mi là á.” Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló máa ń parí síbẹ̀: bàbá á rí i pé òun ṣi í sọ, tàbí ọmọ á rí i pé òun ni kò gbọ́ ọ dáadáa. Bí ẹ̀rù bá ń bà á, kó mú alàgbà kan tí bàbá náà ń gbọ́ tirẹ̀ dání.

Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ohun tó sọ gan-an sílẹ̀, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹ má gbé “wọ́n ní ó sọ” lọ. Ohùn tí wọ́n gé láàárín ìwàásù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tí kò ní ìjà. Ẹ gbọ́ odindi ìwàásù náà tán. Títù 3:10 ní ká kìlọ̀ fún ẹni tó ń dá ìyapa sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ká tó yẹra fún un. Ṣé ẹ rí i, ìkìlọ̀ méjì ni, kì í ṣe ogún ọdún ìkìlọ̀.

Ṣé gbogbo ìyàtọ̀ ló tó dá ìjà sí?

Ó tì o. Yẹtí, ìborí, ìlù, ọjọ́ ààwẹ̀, bóyá ká ki èèyàn bọ omi tàbí ká wọ́n omi sí i lórí nígbà ìrìbọmi: Kristẹni tòótọ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Róòmù orí 14 ti yanjú bí wọ́n ṣe máa gbé pọ̀. (Ìgbà kan wà tí wọn ò jẹ́ kí dùndún wọ ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ lọ bá wọn ṣe ìdúpẹ́ ìkórè lónìí.) Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní Jésù ò jíǹde, tàbí pé a gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún iṣẹ́ rẹ̀ ká tó lè rí ìgbàlà, ibẹ̀ ni Gálátíà 1:8 ti bẹ̀rẹ̀, tó ní ẹni ègún ni ẹni tó bá wàásù ìhìnrere mìíràn.

Ṣé ẹ̀kọ́ èké ló máa ń fa gbogbo ìpínyà?

Èyí tó pọ̀ jù, ìjà ipò ni, wọ́n kàn wọ aṣọ ẹ̀kọ́ fún un ni. Ẹ wo àwọn Onítẹ̀bọmi. Ní oṣù kẹta ọdún 1888, ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjọ Onítẹ̀bọmi Àkọ́kọ́ l'Ékòó jáde, wọ́n sì dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ níbẹ̀ pé Jésù kì í ṣe Olúwa. Àṣẹ tí míṣọ́nnárì òyìnbó ń pa lé pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú àti ìjọ lórí ni wọn ò gbà. Tí ẹ bá bi mí, wọ́n ní ẹjọ́ láti rò. Ọdún 26 kọjá. Lọ́dún 1914, Ìbàdàn níbí ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pàdé tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Onítẹ̀bọmi Yorùbá sílẹ̀, wọ́n sì fi Mojola Agbebi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Agbebi yìí wà lára àwọn òpómúléró tó jáde lọ́dún 1888! Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sì gbà kó jẹ́ olórí. Ìbàdàn ni olú ilé-iṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Nàìjíríà ṣì wà títí dòní.

Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì náà pín lọ́dún 1976 nítorí òfin ìjọ tuntun tó sọ olórí wọn di Pátíríákì. Ọdún 1990 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Ọdún 14 gbáko, tí àwọn tó ń kọ orin kan náà láti inú ìwé orin kan náà wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èyí ni mo ṣe ń sọ fún alàgbà pé kí wọ́n tó wá olùkọ́ èké kiri, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn pé ta ni a kò pè sí ìpàdé, ta ni a gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ ìdí. Jòhánù kẹta dárúkọ Díótíréfè, ẹni tó fẹ́ràn kó jẹ́ olórí. Àpósítélì náà ò fi ẹ̀sùn ẹ̀kọ́ òdì kankan kàn án. Kò gba àlejò, ó sì ń lé àwọn tó ń gbà wọ́n jáde.

Oníwàásù tuntun kan dé, ọ̀rọ̀ sì dùn lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà wo la lè fún un ní pẹpẹ?

Wọ́n ní Ìbàdàn kì í gbonílé bí àjòjì, àwọn ìjọ wa náà ò sì gbẹ́yìn nínú èyí. Alàgbà tó ti ń kọ́ni fún ogún ọdún, ẹ ò ní jókòó gbọ́ ọ. Ẹni tó dé lánàá láti ìlú mìíràn, ẹ ti ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún un. Tímótíù kìíní 5:22 ní ká má yára gbé ọwọ́ lé ẹnikẹ́ni lórí. Ẹ bi í ní ìjọ tó ti wá, kí ẹ sì pe ìjọ náà lórí fóònù. Ẹ béèrè ìdí tó fi kúrò níbẹ̀. Kó kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìjọ, kó bá wọn gbálẹ̀, kó gbọ́ ìwàásù ẹlòmíràn. Bó bá bínú sí ìyẹn, ẹ ti rí èsì yín.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ń gbọ́ oríṣiríṣi oníwàásù lórí YouTube. Ṣé ká ní kí wọ́n má gbọ́ mọ́?

Wọn ò ní dá yín lóhùn. Ọmọ tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní Pólì ń gbọ́ ìwàásù mẹ́ta kó tó fi oorun sílẹ̀ láàárọ̀. Ẹ fún wọn láyè nínú ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kí wọ́n gbé ohun tí wọ́n gbọ́ kalẹ̀, kí ẹ jọ fi Bíbélì yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn ará Bèríà yẹ ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù pàápàá wò lójoojúmọ́, ìyìn ni wọ́n sì gbà fún un (Ìṣe 17:11). Olùkọ́ tí kò bá mọ èsì ìbéèrè kan, kó ní òun máa lọ wádìí rẹ̀, kó sì wádìí rẹ̀ lóòótọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó yí po.

Ìjọ ti pín. Ta ló ni ilé àti ilẹ̀?

Kọ́ríńtì kìíní orí 6 ò fẹ́ kí àwọn ará gbé ara wọn lọ sí kóòtù, ẹ kọ́kọ́ wá onílàjà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bọ̀wọ̀ fún. Àmọ́ ìgbà tí ìjà ò tíì dé ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti yanjú. Lábẹ́ CAMA, òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà ti ọdún 2020, ìjọ tó bá forúkọ sílẹ̀ ní àwọn olùtọ́jú ohun ìní, orúkọ wọn ló sì yẹ kí ilẹ̀ ìjọ wà. CAC ló ń fi orúkọ náà sílẹ̀, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ o, kì í ṣe Ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ káàkiri Akóbọ̀ àti Mọ́níyà ni pé ìjọ á dáwó, wọ́n á ra ilẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí kan, rísíìtì á wá jáde lórúkọ pásítọ̀. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, tàbí tí pásítọ̀ bá kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pín ogún, ibo lẹ fẹ́ gbé ẹjọ́ náà gbà? Ẹ lọ yẹ ìwé ilẹ̀ yín wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹni tó kó èèyàn jáde tẹ́lẹ̀ fẹ́ padà wá. Ṣé ká gbà á?

Ẹ gbà á, kí ẹ sì gba àwọn tó tẹ̀ lé e ṣáájú rẹ̀, nítorí ojú ń ti àwọn yẹn jù. Kó sọ ohun tó kọ́ tí kò tọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ níwájú ìjọ, kó má jẹ́ “ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú” lásán. Kó padà lọ bá àwọn tó kọ́ ní ẹ̀kọ́ náà, kó sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Pé ẹ gbà á gẹ́gẹ́ bí ará kò ní kí ẹ fún un ní pẹpẹ. Ìyẹn lè gba ọdún, ó sì lè má wáyé mọ́ láyé rẹ̀. Bí ìjọ náà bá ṣẹ̀ ẹ́ kó tó jáde, kí alàgbà kan dìde lọ́jọ́ kan náà, kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ tirẹ̀.